Alárinà Tí Kì Í Yẹ̀bá: Ìtàn UI àti Àwọn Ìdílé Tó Ti Inú Rẹ̀ Wá

Níbi ìdána, kí alága ìjókòó tó gba lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó, ó máa ń kọ́kọ́ da ọkọ ìyàwó láàmú díẹ̀: "Ọmọ wa kì í rin ìrìnkurìn. Níbo lo ti rí i?" Owó ló fẹ́ fi gbà, gbogbo àwọn tó jókòó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìdílé ọ̀rẹ́ mi kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dáhùn ìbéèrè yìí. Ọ̀rẹ́ mi dáhùn rẹ̀ nígbà tirẹ̀. Ọmọkùnrin tó wá fẹ́ ọmọ rẹ̀ náà dáhùn rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sọ: "UI ni, mà." Lọ́jọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹ̀rín ni gbogbo abẹ́ kánópì fi gbà á, torí ojú ìyá ìyàwó ni gbogbo wọn ń wò.

Láyé àtijọ́, alárinà ló ni ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Ìdílé ọkọ á fojú sóde, wọ́n á rí ọmọ tó wù wọ́n, alárinà á wá bọ́ sáàárín. Òun ni yóò wádìí bóyá àrùn burúkú ń bẹ nínú ìdílé, bóyá olè tàbí ajigbèsè wà lára wọn, bóyá wọn kì í gbọ́ra wọn yé. Òun ni yóò gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí yóò gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, títí ọmọbìnrin yóò fi jọ́hẹn. Bí ìjà bá dé lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Àwọn àgbà sì ní bí ojú bá mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀bá.

Ìtàn alárinà kan tí kò yẹ̀bá ni mo fẹ́ pa: UI, Yunifásítì Ìbàdàn. Kọnkéré ni wọ́n fi mọ ọ́n, ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ò ro ti ìfẹ́ rárá. Dókítà ni wọ́n ń wá, olùkọ́ ni wọ́n ń wá, àti àwọn tí yóò jókòó sídìí iṣẹ́ ìjọba. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó sí.

Kí ó tó dé

Kí UI tó wà, Yaba Higher College ní Èkó ni ibi gíga jù tí ọ̀dọ́ lè kàwé dé ní Nàìjíríà. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún wọn níbẹ̀ kò níyì kọjá ẹnubodè. Ẹni tó bá fẹ́ oyè yunifásítì gbọ́dọ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Fourah Bay ní Sàró tàbí sí ìlú òyìnbó. Ọmọ á lọ ọdún mẹ́rin, á lọ ọdún mẹ́fà, àfẹ́sọ́nà á wà nílé tí yóò máa retí lẹ́tà. Ẹ̀rù ń ba ìyá pé ọmọ òun lè mú òyìnbó bọ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn àna pé ó lè má bọ̀ mọ́.

Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Walter Elliot ni alága rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èyí tó ti Nàìjíríà wá nínú wọn sì ni Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School. Ẹni tó bá mọ ìtàn ilé ọkùnrin yìí á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní 1914, ilé-ìwé yẹn kan náà gba ọmọbìnrin kan wọlé láàárín àwọn ọmọkùnrin, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọn yóò gbà síbẹ̀. Fúnmiláyọ̀ ni. Níbẹ̀ ni òun àti Israel, tó ṣáájú rẹ̀ nílé-ìwé, ti mọ ara wọn. Ọjọ́ 20 oṣù kìíní 1925 ni wọ́n gbé ara wọn níyàwó, orúkọ àwọn méjèèjì ò sì tíì parẹ́ nílẹ̀ yìí. Ọkùnrin tó bá wọn dá UI lábàá ti rí i nínú ilé ara rẹ̀ pé ẹni tó lọ kàwé lè bá nǹkan mìíràn pàdé níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ Họ́ọ̀lù Kútì tó wà nínú ọgbà náà títí dòní.

Ìgbìmọ̀ Elliot jábọ̀ ní 1945, Ìbàdàn sì wà lára ibi tí wọ́n dárúkọ. Ní oṣù kìíní 1948, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí wọ́n kó wá láti Yaba. Kenneth Mellanby, onímọ̀ nípa kòkòrò, ni ọ̀gá àgbà. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun fi ṣe ilé ìwòsàn nígbà ogun Hitler. Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ibi tó wà lónìí, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń ṣe ní Ọjọ́ Ìdásílẹ̀ lọ́dọọdún. University College Ibadan ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Abẹ́ apá Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló wà títí di 1962, tó di yunifásítì tó ń dá dúró.

Tọkọtaya ló yàwòrán rẹ̀

Àwọn ayàwòrán ilé tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún jẹ́ tọkọtaya: Maxwell Fry àti Jane Drew. Ní 1942 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ìlú wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí iṣẹ́ gbé wọn wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n ń kọ́ bí ènìyàn ṣe ń kọ́lé síbi tí oòrùn ti ń ràn bí ẹni ń jà. Ọgbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ yóò ti pàdé ẹni tí wọn yóò fẹ́, orí tábìlì ọkọ àti aya ni àwòrán rẹ̀ ti wá.

Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ṣe olórí ohun tí wọ́n ń rò. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù tí yóò gbà wọ́n, torí náà wọ́n kọjú àwọn họ́ọ̀lù sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, wọ́n fi ògiri oníhò dí iwájú oòrùn, wọ́n sì yọ bákónì sí yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilé-ìkàwé tí wọ́n parí ní 1954, tí wọ́n wá fi orúkọ Kenneth Dike sọ lẹ́yìn náà, ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà inú ọgbà ń forí lé. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kọ́ jẹ́ ilé ìfojúsóde. Ẹni tó dúró ní bákónì ń rí ẹni tó ń lọ ka ìwé, ẹni tó ń lọ sì mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ìdílé ọkọ ayé àtijọ́ ní láti rìn dé ọjà àti odò kí wọ́n tó rí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ UI ń rí láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Ẹnu géètì Queen's

Obìnrin ò pọ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Mabel Ṣẹ́gun, tó wá di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé fún àwọn ọmọdé, wà lára wọn. Grace Alele-Williams náà wà lára wọn, ẹni tó kàwé ìṣirò, tó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n yàn án sí Benin ní 1985. Nígbà tí wọ́n kọ́ họ́ọ̀lù fún àwọn obìnrin, orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ni wọ́n fún un, ẹni tó wá kí wa ní 1956. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gé e kúrú: Queen's.

Tí a bá ń pa ìtàn alárinà, a ò gbọdọ̀ fo pọ́tà tó ń jókòó lẹ́nu géètì Queen's. Ọkùnrin kì í kàn wọlé. Ó ní wákàtí tí àlejò lè wá, ó sì ní wákàtí tí aago á lù tí gbogbo yín á túká. O ó kọ orúkọ rẹ sínú ìwé, o ó sọ ẹni tí o wá rí, wọn ó rán ọmọ sí i lókè. Tí kò bá fẹ́ rí ọ, á ní kí wọ́n sọ pé òun ò sí nílé. Pọ́tà á gbé iṣẹ́ náà fún ọ láìmi ojú, bẹ́ẹ̀ òun náà gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè nísinsìnyí. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà náà. Lẹ́tà ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dára tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dán máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ tiwọn, wọn á fi dòdò tàbí mílíìkì san án. Bí ọmọkùnrin bá wá ń mú olólùfẹ́ rẹ̀ gba iwájú àwọn họ́ọ̀lù ọkùnrin kọjá, àwọn tó wà lókè á fi orin tí wọ́n ń pè ní "aro" bú u, wọn á máa lu ilẹ̀kùn àti irin. Ẹni tí kò bá sá, tó mú un lọ́wọ́ kọjá títí dópin, ọmọbìnrin náà ti rí ohun tó fẹ́ rí lára rẹ̀. Ìdánwò àna tiwọn nìyẹn.

Ibi ìgbafẹ́ ò sì ṣọ̀wọ́n. Ọgbà ẹranko wà níbẹ̀, tí Aruna àti Imade, àwọn ìnàkí méjì tí Ìbàdàn mọ̀ bí ẹni mọ owó, sọ di ibi tí ẹbí ń wá lọ́jọ́ Àìkú. Adágún Awba wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ojú omi. Ilé-ìkàwé ló wá wà fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, torí ìjókòó ọ̀fẹ́ ni.

Chinua àti Christie

Chinua Achebe wọ UI ní 1948, nínú àwọn àkọ́wọlé. Ìmọ̀ ìṣègùn ló wá kà. Ọdún kan lẹ́yìn náà ó pa á tì, ó sì yà sí ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀sìn. Ó parí ní 1953. Nígbà tí Christie Okoli yóò fi di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó ti lọ. Enugu ni wọ́n ti wá bá ara wọn pàdé. Achebe ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba níbẹ̀, Christie sì wá ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà ìsinmi. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tí kò bára dọ́gba ló kọ́kọ́ gbé e dé ọ́fíìsì ọ̀gá. Nígbà tí Christie ṣàìsàn tó sì wà nílé ìwòsàn, ọ̀gá lọ bẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ló mú mi dúró lórí ìtàn yìí. Ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 1961, nínú ọgbà UI, ní ilé ìjọsìn tí wọ́n ń pè ní Chapel of the Resurrection. Ọkọ kì í ṣe ará Ìbàdàn, ìyàwó kì í ṣe ará Ìbàdàn. Ilé tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n padà sí. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún wọn, wọ́n sì jọ wà títí ikú fi mú ọkọ lọ ní 2013. Títí dòní, lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ ẹbí máa ń kún iwájú ilé ìjọsìn yẹn, ó máa ń kún iwájú tàwọn Kátólíìkì, nikaah náà sì ń lọ ní mọ́sálásí inú ọgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbéra wọn níyàwó níbẹ̀ kò gbé nínú ọgbà mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò lè lọ sí ibòmíràn.

Nígbà tí ilé dàrú

Alárinà rere kì í bẹ̀rù ìjà, ṣùgbọ́n ìjà 1966 ju agbára rẹ̀ lọ. Àwọn ológun fipá gbàjọba lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn, wọ́n pa àwọn Igbo nípakúpa ní Àríwá, ẹ̀rù sì wọ inú ọgbà. Kenneth Dike, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí UI, jẹ́ Igbo. Ó fipò sílẹ̀ ní ìparí ọdún náà, ó padà sí Ìlà-Oòrùn. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Igbo mìíràn ti ń di ẹrù wọn, ẹni tí ìfẹ́ ti so mọ́ ọmọ Yorùbá tàbí ọmọ Edo sì wà láàárín méjì.

Ẹ wo àwọn akéwì mẹ́ta tí ilé-ìwé kan náà tọ́. Christopher Okigbo, tó parí níbẹ̀ ní 1956, gbé ìbọn fún Biafra, ó sì kú sójú ogun ní 1967. J. P. Clark, tó parí ní 1960, dúró ti ìjọba àpapọ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó kàwé níbẹ̀ láti 1952 sí 1954, kọjá lọ bá àwọn ará Ìlà-Oòrùn sọ̀rọ̀ kí ogun má bàa jó. Ẹ̀wọ̀n ni ó tìtorí rẹ̀ lọ títí di 1969. Ọmọ ìyá mẹ́ta ni mo máa ń kà wọ́n sí. Ìyá wọn ò rí wọn kó jọ sórí ẹní kan mọ́. Ogun parí ní 1970, àwọn kan padà, àwọn mìíràn ò padà, UI sì kọ́ ohun tí gbogbo alárinà mọ̀: ìdílé méjì lè fẹ́ra wọn kí ìlú wọn má fẹ́ra wọn.

Àwọn tó kọ́lé sínú alárinà

Àwọn kan wà tí wọn ò lọ mọ́. Wọ́n kàwé tán, wọ́n gba iṣẹ́, wọ́n bímọ síbẹ̀. Olúmúyìwá Awẹ́, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ UI nígbà ayé Ṣóyínká, padà wá kọ́ wọn ní físíìsì. Ìyàwó rẹ̀, Bọ́láńlé Awẹ́, ń kọ́ wọn ní ìtàn, ó sì wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó di olùkọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan kàwé Faransé níbẹ̀, ó parí ní 1969, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n eré oníṣe níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Adéníkẹ̀ẹ́, tí yunifásítì tirẹ̀ jẹ́ Ifẹ̀, ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní UI. Ẹ fojú inú wo irú ọ̀rọ̀ tí ń lọ nídìí oúnjẹ alẹ́ nírú ilé bẹ́ẹ̀.

Ọmọ àwọn olùkọ́ ò ní láti jáde kí wọ́n tó kàwé. Staff School gbà wọ́n nígbà èwe. International School, tó ṣílẹ̀kùn ní 1963 nínú ọgbà, gbà wọ́n nígbà tí wọ́n bàlágà. Abadina ni àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ń gbé, àwọn awakọ̀, olùtọ́jú ọgbà, alásè họ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà ní ilé-ìwé tirẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí jọ dàgbà sínú òórùn igi kan náà. Bí méjì nínú wọn bá fẹ́ra wọn, kò sẹ́ni tó máa béèrè ibi tí wọ́n ti pàdé, torí wọ́n ti ń pàdé láti ìgbà tí ìyá wọn ti ń gbé wọn sẹ́yìn.

Ìwádìí ìgbàlódé

Iṣẹ́ alárinà tó le jù ni ìwádìí. Láyé àtijọ́, bí ìdílé kan bá ń bí ọmọ tó ń kú, wọ́n á ní abíkú ń bẹ níbẹ̀, wọ́n á sì rọra yẹra. Lónìí a mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló wà nídìí òmíràn nínú rẹ̀, àrùn tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó náà jẹ́ AS, gbogbo ìgbà tí oyún bá dúró, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS.

Inú yunifásítì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́kọ́ mọ lẹ́tà méjì yìí nípa ara wọn. Nítorí náà, ìbéèrè tí alárinà máa ń bi ìdílé níkọ̀kọ̀ ti di ohun tí ọmọ ọdún méjìdínlógún ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójúkojú nídìí ìgò ohun mímu: "Kí ni genotype rẹ?" Mo ti rí àwọn tó fi ẹkún túká lẹ́yìn ìdáhùn. Bàbá wọn ìbá ti pè é ní àìbáramu orí, ìbá ní Ifá ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mú ìwé láti ilé àyẹ̀wò, wọ́n kà á fúnra wọn, wọ́n sì túká.

Àléébù alárinà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oyin pa alárinà yìí lára fún yín. Kí ó tó so àwọn kan pọ̀, ó tú àwọn kan ká. Ní ìlú kéékèèké, àwọn ọmọbìnrin wà tí wọ́n jókòó de àfẹ́sọ́nà wọn ní gbogbo ọdún tó fi kàwé. Nígbà tó dé, ó bá ẹlòmíràn dé, ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ ìwé. Owó ìdána tí wọ́n ti gbà ni wọ́n ń dá padà, ọdún tí ọmọbìnrin fi dúró ò ṣe é dá padà. Bí àwọn tó kàwé sì ti ń fẹ́ àwọn tó kàwé, wọ́n ń mọ odi kan tí ọmọ Abadina ní láti pọ́n kọjá kí ó tó dé òdìkejì.

Èyí tó burú jù ni ohun tó ń gbé aṣọ ìfẹ́ wọ̀. Nínú ilé-ìwé gíga wa gbogbo, olùkọ́ tó di máàkì ọmọbìnrin mú lọ́wọ́ kì í ṣe olólùfẹ́. Ìjọ́hẹn tí ìbẹ̀rù mú jáde, kò sí alárinà tó gbọ́dọ̀ gbé irú ẹ̀ lọ sílé. Alárinà ayé àtijọ́ mọ̀ pé bí òun bá gbẹ̀yìn gba nǹkan lọ́wọ́ ìdílé kan, orúkọ òun ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó yẹ kí ilé-ìwé náà mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rẹ́ mi. Lọ́dún tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ UI, mo bá wọn gbé ẹrù. Àwa mẹ́rin la wà nínú mọ́tò, pẹ̀lú mátírẹ́ẹ̀sì lórí rẹ̀ àti korobá tó kún fún gààrí. Queen's ni wọ́n fi ọmọ náà sí. Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó fi wíńdò kan hàn án tó jẹ́ tirẹ̀ nígbà náà. Ó gbé korobá, ọmọ gbé àpótí, wọ́n sì wọlé. Ọ̀rẹ́ mi gbé mátírẹ́ẹ̀sì lérí, ó ń tẹ̀ lé wọn.

Pọ́tà nawọ́ dá a dúró. Ọmọkùnrin kan ni, kò tíì dé ayé nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ti ń dúró lẹ́nu géètì yẹn. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ kọ orúkọ yín síbí ná," ló wí, ó ti ìwé sí i níwájú. "Ta lẹ wá rí?"

Ọ̀rẹ́ mi sọ mátírẹ́ẹ̀sì kalẹ̀. Ó mú bírò. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó kọ, ṣùgbọ́n orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀, orúkọ ìgbà ọmọge rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá. Pọ́tà wo ìwé títí. Ó ní òun ò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yẹn.